Bí a ṣe ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B parí: ìtọ́sọ́nà fún òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní Èkìtì

Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù kan léèrè bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí àwọn kan ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ọ̀pọ̀ ni yóò sì dáhùn kíá pé àwọn ti gbà á. Ẹ wá béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó. Ẹnì kan á ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹlòmíràn á ní ẹ̀ẹ̀mejì, pé ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí òun gba ìkẹta ni wọ́n gbé òun lọ sí ìlú mìíràn, ẹlòmíràn kò sì rí káàdì rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá tún béèrè iye tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbé jáde lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹta, ẹ kò ní rí ẹni púpọ̀ tí yóò dáhùn. Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyí: a máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a kì í sáà parí rẹ̀.

Èmi náà ti wà lára wọn rí. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo gba abẹ́rẹ́ méjì, mo sì fi ìkẹta sílẹ̀ nítorí pé mo rò pé méjì ti tó. Ní òru ọjọ́ kan iná lọ ní wọ́ọ̀dù, mo fi eyín há fóònù kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sí apá aláìsàn kan, mo fa ẹ̀jẹ̀ tán, mo sì fẹ́ dé abẹ́rẹ́ náà padà sínú ìdérí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà yẹ̀ lẹ́nu ìdérí, ó gba inú ìbọ̀wọ́ wọ àtàǹpàkò mi. Ẹ̀jẹ̀ tó yọ kò tó orí ìṣáná, ó kàn rí roboto lábẹ́ rọ́bà funfun náà, ó ń tẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni èsì aláìsàn náà dé pé ó ní hepatitis B. Mo dúpẹ́ pé n kò kó o, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà tí mo fi dúró de èsì ìkẹyìn kò ṣeé fẹ́ fún ẹlòmíràn, ìdí sì nìyí tí mo fi kọ gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Bí abẹ́rẹ́ tó gún ẹni tó ní hepatitis B bá gún òṣìṣẹ́ tí kò ní àjẹsára, nínú 100 irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó lè kó o máa ń wà láàrin 6 sí 30, gẹ́gẹ́ bí kòkòrò náà bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà. Ti HIV jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 1,000. Kòkòrò hepatitis B tún lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára irin bẹ́ẹ̀dì tàbí orí tábìlì fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Nítorí náà, kì í ṣe dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń fọ aṣọ tíátà, ẹni tó ń kó ìdọ̀tí lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ún, awakọ̀ áńbúláǹsì, òṣìṣẹ́ lábù, òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́: ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wọn.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Káàdì àjẹsára tí ẹ máa fi síbi tí kò ní sọnù. Ó gbọ́dọ̀ ní àyè fún ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́, orúkọ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò rẹ̀, àti ìbuwọ́lùwé ẹni tó gún un.
- Owó abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti owó àyẹ̀wò ìkẹyìn, lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tó pọ̀, òṣìṣẹ́ ló ń fi owó ara rẹ̀ ra abẹ́rẹ́ yìí, ẹni tó bá sì ní owó abẹ́rẹ́ kìíní nìkan lọ́wọ́ kì í sábà dé ìkẹta. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni kí àwọn ará wọ́ọ̀dù kan dá àjọ rẹ̀, kí wọ́n sì jọ ra ìgò tó gba ènìyàn mẹ́wàá.
- Ibi tí ẹ ti máa gbà á tó ní fíríìjì àjẹsára pẹ̀lú tẹmómítà nínú rẹ̀.
- Orúkọ ilé àyẹ̀wò kan tó ń ṣe àyẹ̀wò anti-HBs, èyí tó ń sọ bóyá ara ti ní ìgbèjà, tó sì ń gbé iye jáde. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọmùò tàbí Ọ̀tùn kò gbọ́dọ̀ wọkọ̀ dé Adó kí wọ́n tó sọ fún un pé àwọn kì í ṣe é.
- Ẹnì kan, yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín, tí yóò máa rán yín létí ọjọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Àyẹ̀wò mẹ́ta ló wà, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. HBsAg ń sọ bóyá kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín nísinsìnyí. Anti-HBs ń sọ bóyá ara yín ti ní ohun tó lè gbèjà rẹ̀. Anti-HBc ń sọ bóyá kòkòrò náà ti wọ ara yín rí, yálà ó ti lọ tàbí ó ṣì wà. Bí agbára yín bá ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ṣe é. Bí HBsAg nìkan lẹ rí ṣe, ìyẹn náà tó láti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà kò ní pa ẹni tí ara rẹ̀ ti ní ìgbèjà tẹ́lẹ̀ lára, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kòkòrò tó wà láàyè nínú rẹ̀, kò sì lè fún ẹnikẹ́ni ní hepatitis B.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo máa ń rí ni kí ènìyàn gba abẹ́rẹ́ lónìí kó sì lọ ṣe HBsAg lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè mú kí HBsAg hàn nínú ẹ̀jẹ̀ títí di ọjọ́ 18, ẹ̀rù á sì ba ẹni tí kò ní ohunkóhun. Àyẹ̀wò ló ń ṣáájú, abẹ́rẹ́ ló ń tẹ̀ lé e.

Àṣìṣe kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò fẹ́ ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nítorí pé gbogbo wa la mọ ara wa, ẹni tó wà ní lábù lè jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tàbí àbúrò ìyàwó ẹni. N kò dá wọn lẹ́bi. Bí ojú bá ń tì yín níbi tí ẹ wà, ẹ lọ ṣe é ní ìlú mìíràn: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkọ̀lé lè ṣe é ní Adó, ẹni tó wà ní Adó sì lè ṣe é ní Ìdó. Ẹ má kàn fi ìtìjú sọ pé ẹ kò ṣe mọ́.

Bí HBsAg bá fi hàn pé kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ni ẹ nílò mọ́. Ẹ lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀, kí ó ṣe àyẹ̀wò bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó, nítorí pé oògùn wà fún ẹni tó bá yẹ fún. Tenofovir, tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, wà lára rẹ̀, ó sì máa ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àgbo tí yóò fọ ẹ̀dọ̀ yín mọ́ fún yín, nítorí ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàárẹ̀ kò yẹ ní ibi tí a ń kó ewé tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí aya yín àti àwọn ọmọ ṣe àyẹ̀wò, kí àwọn tí kò bá ní in gba àjẹsára. Níní hepatitis B kì í ṣe òpin iṣẹ́ ìlera. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni ó yẹ kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa irú iṣẹ́ abẹ tó lè máa ṣe.

Ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó kọjá: ìwé èsì wà lọ́wọ́ yín, orúkọ yín ló wà níbẹ̀, ọjọ́ wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé HBsAg kò sí. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ni ẹnì kan fi sọ pé kò sí nǹkan, ẹ kò tíì parí ìgbésẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ kìíní tó wọ apá yín

Ètò tí àgbàlagbà ń tẹ̀ lé ni ọjọ́ òní, oṣù kan sí i, àti oṣù mẹ́fà sí òní. Bí ẹ bá gba kìíní ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, ìkejì bọ́ sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ìkẹta sì bọ́ sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, nígbà tí iṣu tuntun ti ń jáde káàkiri. Mo mọ àwọn tó ń fi iṣu tuntun rántí tiwọn, kò sì burú.

Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí káàdì. Ọjọ́ tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ kan ni kí ẹ fi bíró tẹ̀ ẹ́ lé. Ẹ̀kan tó bá ṣì jẹ́ lẹ́ẹ̀dì, gbèsè ni. Ẹ fi wọ́n sínú fóònù pẹ̀lú, kí ẹ sì fún ẹni tó máa rán yín létí.

Ẹni tó bá ń kánjú kò gbọ́dọ̀ kó àwọn abẹ́rẹ́ náà jọ kó sì gbà wọ́n láàrin oṣù méjì kó wá sọ pé òun ti parí. Ààyè tó kéré jù láàrin kìíní àti ìkejì ni ọ̀sẹ̀ 4. Láàrin ìkejì àti ìkẹta, ọ̀sẹ̀ 8. Láàrin kìíní àti ìkẹta, ọ̀sẹ̀ 16. Èyí tí ẹ bá gbà ṣáájú àkókò yìí kò wọ iye.

Ẹ fi káàdì náà han ẹlòmíràn kó ka ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Bí ó bá kà á láìbi yín ní ìbéèrè kankan, ó ti dára.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wo ìgò abẹ́rẹ́ náà dáadáa, kí ẹ sì gbà á sí apá

Abẹ́rẹ́ hepatitis B gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù 2°C sí 8°C. Gbogbo wa ló ń bẹ̀rù ooru, a sì ń bẹ̀rù rẹ̀ débi pé a máa ń ṣe ohun tó burú jù ú lọ: nígbà tí iná bá lọ, a ó kó ìgò àjẹsára sínú kúlà, a ó sì kó yìnyín gbagidi lé e lórí. Abẹ́rẹ́ yìí wà lára àwọn tí dídì máa ń tètè bà jẹ́ jù. Nígbà tí òtútù bá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo díẹ̀, nǹkan bí 0.5°C, ó ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì, bí ó bá sì ti dì rí, agbára rẹ̀ ti lọ, kódà bó tún yọ́ padà tó sì mọ́ lójú. Ẹ mú ike yìnyín jáde kúrò nínú fíríìsà, ẹ jẹ́ kó máa làágùn, kí ẹ mì ín títí ẹ ó fi gbọ́ pé omi ti ń ró nínú rẹ̀, kí ẹ tó kó o sínú kúlà.

Kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́ yín, ẹ ní kí wọ́n fi ìgò náà hàn yín. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Bí ó bá ní àmì roboto kan tí igun mẹ́rin wà láàrin rẹ̀, ẹ wo igun mẹ́rin náà: ó gbọ́dọ̀ mọ́ ju roboto tó yí i ká lọ. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí tí ti àárín bá ti dúdú jù, ẹ dá a padà. Àmì yìí kò lè sọ fún yín pé ìgò náà ti dì rí, ooru nìkan ni ó mọ̀.

Bí ẹ bá ń fura pé ó ti dì, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ mú ìgò mìíràn tó ní nọ́ńbà kan náà, ẹ fi sínú fíríìsà títí ó fi dì gbagidi, ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀ láìfi iná kàn án. Ẹ di ìgò méjèèjì mú ní ọwọ́ kan, ẹ mì wọ́n pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, ẹ gbé wọn kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín mú dì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sìlẹ̀, funfun rẹ̀ yóò máa wá sí ìsàlẹ̀ bí ògì tí a fi sílẹ̀ nínú abọ́, omi á sì mọ́ lókè. Bí èyí tí ẹ ń fura sí bá sìlẹ̀ bákan náà tàbí tó yá jù ú lọ láàrin ìṣẹ́jú 30, ẹ dà á nù. Bí ó bá lọ́ra ju èyí tí ẹ mú dì lọ, ẹ lè lò ó.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgò àwọn ọmọdé. Iye tí wọ́n ń fún ọmọ kéré sí ti àgbàlagbà, ẹni tó bá sì lọ yá ti àwọn ọmọ ìkókó ní ọjọ́ àjẹsára kò gba iye tó yẹ, ó tún ti gba ti ọmọ ọlọ́mọ.

Nípa ibi tí wọ́n máa gún un sí, mo fẹ́ kí ẹ mú mi lọ́rọ̀ gidigidi: apá ni, nínú iṣan tó wà ní ìsàlẹ̀ èjìká, kì í ṣe ìdí. Ó ti mọ́ wa lára láti máa ní kí ènìyàn yí ìdí, ṣùgbọ́n ọ̀rá ìdí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yìí ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, èyí tí wọ́n bá sì gún sí ìdí kò wọ iye, ẹ gbọ́dọ̀ tún un gbà. Abẹ́rẹ́ tó gùn tó nǹkan bí 25mm ló yẹ kí wọ́n lò, kí wọ́n gún un tààrà. Abẹ́rẹ́ insulin kúrú jù, ẹni tó bá sanra gan-an sì lè nílò èyí tó gùn sí i. Aboyún àti abiyamọ lè gbà á. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìwúkàrà tí wọ́n ń fi ṣe búrẹ́dì, tàbí tí abẹ́rẹ́ yìí ti dá lóró gan-an rí, ni kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Apá lè máa ro yín, ara sì lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Àmì pé ìgbésẹ̀ yìí yọrí: ọjọ́ kìíní ti di bíró lórí káàdì, nọ́ńbà ìgò wà níbẹ̀, ẹni tó gún un ti buwọ́ lù ú, apá ni ó sì ń ro yín.

Ìgbésẹ̀ 4: Abẹ́rẹ́ ìkejì àti ìkẹta

Ìkejì kì í ṣòro púpọ̀, nítorí pé oṣù kan kò jìnnà. Ìkẹta ló ń sọnù. Láàrin oṣù márùn-ún tó wà láàrin wọn, wọ́n lè gbé yín láti Ìjerò lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ìyanṣẹ́lódì lè bẹ̀rẹ̀, ìsinmi ọdọọdún lè bọ́ sí i, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ lè gbé owó abẹ́rẹ́ lọ. Apá kò ro yín mọ́, ara yín sì le, ó sì ń dà bí ẹni pé ẹ ti ní gbogbo rẹ̀. Ẹ kò tíì ní in. Ìkẹta ló máa ń gbé ìgbèjà náà ga tí yóò sì jẹ́ kó pẹ́.

Ìmọ̀ kan wà tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ní, torí pé àìmọ̀ ọ́n ti mú kí ọ̀pọ̀ pa á tì: bí ẹ bá pẹ́ kọjá ọjọ́, ẹ kò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba méjì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn yóò gba ìkẹta lónìí, yóò sì ti parí. Mo ti rí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti kìíní, tó wo owó rẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ láìgba ohunkóhun. Ẹ má dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí wọ́ọ̀dù, mátíróònì àti àwọn tó ń bójú tó ìdènà àkóràn, ẹ ṣí ìwé ńlá kan tí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, títí kan àwọn tí ilé iṣẹ́ agbàṣẹ́ṣe rán wá. Mo rántí ìyá kan tó ń gbálẹ̀ níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ní, "Màmá, ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yín?" Ó ní, "Sísítà, ṣebí ti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ni. Wọn ò kọ orúkọ tiwa." Bó ṣe ń sọ ọ́, àpò ìdọ̀tí dúdú wà ní ọwọ́ rẹ̀, orí abẹ́rẹ́ kan ti yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ àpò náà, ó súnmọ́ itan rẹ̀ bí ó ti ń rìn. Ẹni tó jù ú síbẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka orúkọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń kó ohun tí aláìsàn fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí ìlú mìíràn, ẹ fún un ní ẹ̀dà ojú ìwé rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye àwọn tó ṣì jẹ́ lẹ́ẹ̀dì nínú ìwé náà. Bí iye náà kò bá dín kù lóṣù méjì léra wọn, ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ má dúró kí wọ́n wá bá yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Àyẹ̀wò anti-HBs, oṣù kan sí méjì lẹ́yìn ìkẹta

Àjẹsára kì í mú gbogbo ara bákan náà. Nínú àwọn àgbàlagbà tí kò tíì pé 40 ọdún tí ara wọn sì le, ó máa ń mú ju 90 lọ nínú 100. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, tàbí tí ènìyàn bá sanra gan-an, tó ń mu sìgá, tàbí tó ní àtọ̀gbẹ, iye náà máa ń wálẹ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ẹgbẹ́ tí ẹ wà.

Iye ni ẹ ń wá. Bí ó bá jẹ́ 10 mIU/ml tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara yín ti ní ìgbèjà. Ilé àyẹ̀wò kan lè fún yín ní ìwé tó kàn sọ pé ó wà tàbí kò sí, ìyẹn kò tó. Ẹ béèrè fún nọ́ńbà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi HBsAg rọ́pò rẹ̀, nítorí orúkọ méjèèjì jọra lẹ́nu ẹni tó ń yára kọ ìwé, ìtumọ̀ wọn sì dojú kọ ara wọn.

Ẹni tó bá ti ní 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ara rẹ̀ sì le, kò nílò abẹ́rẹ́ mìíràn mọ́, kódà bí iye náà bá wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, torí ara máa ń rántí. Ẹ fi ìwé náà sínú káàdì, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí iye náà bá kéré sí 10

Ẹ má bínú sí ara yín, ẹ má sì sọ pé abẹ́rẹ́ náà jẹ́ ayédèrú kí ẹ tó wo bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ àti ibi tí wọ́n gún un sí. Ẹ gba mẹ́ta mìíràn ní ètò kan náà, ẹ sì tún ṣe anti-HBs lẹ́yìn oṣù kan sí méjì.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó gba mẹ́ta ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn tí kò sì ṣe àyẹ̀wò rárá yàtọ̀ díẹ̀. Kó ṣe anti-HBs báyìí. Bí ó bá kéré sí 10, kó gba ẹyọ kan, kó sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan sí méjì. Bí ó bá ṣì kéré, kó gba méjì sí i láti pé mẹ́ta, kó tó tún ṣe é.

Bí mẹ́fà bá ti pé tí iye kò sì gòkè, ẹ ṣe HBsAg àti anti-HBc, nítorí ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wà lára àwọn tí àjẹsára kì í mú, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì, torí pé bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ìtọ́jú yín yóò yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín kí ẹ tó parí

Ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa. Ẹ má fún ẹ̀jẹ̀ náà jáde, ẹ má da bílíìṣì sí i. Bílíìṣì wà fún ilẹ̀, ó máa ń jó ẹran ara. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ìtìjú pé ẹ dé abẹ́rẹ́ padà, bí mo ti ṣe, kò tó ohun tí a fi ń pa á mọ́ra.

Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò aláìsàn náà fún HBsAg, HIV àti hepatitis C. Ti HIV, ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà kí wákàtí 72 tó kọjá. Ti hepatitis B, bí ìwé yín bá fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ẹ kò nílò ohunkóhun fún un. Bí ẹ kò bá tíì parí abẹ́rẹ́, tí aláìsàn sì ní in, tàbí tí a kò mọ èsì tirẹ̀, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kàn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìgbèjà tí wọ́n ń pè ní HBIG, kí wákàtí 24 tó kọjá bó bá ṣeé ṣe, kó má sì ju ọjọ́ 7 lọ. Ẹni tí àjẹsára kì í mú yóò gba HBIG lẹ́ẹ̀mejì, oṣù kan láàrin wọn. Ẹ mọ ilé ìwòsàn tó ní HBIG kí ọjọ́ náà tó dé: ẹ tẹ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó láago ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ béèrè, kí ẹ sì lẹ nọ́ńbà ẹni tó dá yín lóhùn mọ́ ara ògiri yàrá àwọn nọ́ọ̀sì.

Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tiyín náà lọ́jọ́ náà, òun ni wọ́n á fi mọ bí ẹ ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ẹ padà lọ ṣe HBsAg àti anti-HBc. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn káàdì kan náà, kí ẹ fi bíró tẹ̀ ẹ́ lé nígbà tí èsì bá jáde.